Férémù Tí Mo Yàn Fún Bàbá Ọmọlará

Kí ọkọ mi Theophilus tó fẹ̀yìn tì, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ló máa ń pè mí, tó bá fẹ́ jẹun alẹ́. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni, ọmọ ọlọ́mọ ló ń dáamú. Nígbà tí ìjọba ní kó máa lọ sinmi nílé lọ́dún 1984, èmi nìkan ló kù ní kíláàsì.

"Susannah! Wá wo àkùkọ yìí." Màá fi ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná, màá lọ wo àkùkọ. Àkùkọ lásán ni. "Susannah! Gíláàsì mi dà?" Ó wà lójú ẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fún oúnjẹ mi ní máàkì. Ìkókoré mi tí wọ́n ń torí ẹ̀ yà nílé wa, mẹ́fà nínú mẹ́wàá ló fún un! Inú bí mi. Kí n ṣáà rí ọ̀sán kan sinmi, kí ẹnikẹ́ni má pè mí, ohun tí mo ń fẹ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Richard ọmọ wa wá fi ẹrù ránṣẹ́ láti òkè òkun: bẹ́ẹ̀dì olókùn, irú èyí tí wọ́n ń so kọ́ sáàárín igi méjì, tí èèyàn á dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀, tí á máa fì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Igi méjì ló wà ní àgbàlá wa, máńgòrò kan àti ìbẹ́pẹ kan. Mo ní, "Bàbá Ọmọlará, ìbẹ́pẹ yẹn ò ní gbé yín o." Ó ní ta ló kọ́ sáyẹ́ǹsì nínú àwa méjèèjì. Ó so ó, ó gorí ẹ̀, ìbẹ́pẹ kán, Theophilus sì fìdí lélẹ̀ gbì. Mo sá wọ ilé ìdáná kí n lè rí ibi rẹ́rìn-ín.

Ló bá ní ká lọ ṣe férémù tí á dá dúró láìsí igi. Irin wúwo ló fẹ́, kí wọ́n jó o pọ̀, kí wọ́n sì ri ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́ sìmẹ́ǹtì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Láti ibẹ̀," ó ní, "màá máa rí ọ nílé ìdáná. Mi ò ní í máa dìde kí n tó pè ọ́." Bó bá wá rí ibi dùbúlẹ̀ sí máa pè mí, mo gbé!

Àmọ́ ìdí ṣì ń dùn ún, kò lè jáde. Èmi ló rán sí Mọ́rúfù, wẹ́dà tó wà ní Mòlípà.

"Màmá, ti ilé ni àbí ti ìrìn-àjò?" Mọ́rúfù bi mí. "Ti ilé, ọkùnrin mẹ́rin ò ní lè gbé e. Ti ìrìn-àjò, páìpù ni màá fi ṣe é. Nọ́ọ̀tì lẹ ó máa fi dè é, ẹ ó máa tú u, ẹ ó sì kó o sínú àpò."

"Pákó ńkọ́?"

"Ikán á bá yín jẹ ẹ́."

"Ṣé páìpù yẹn lè gbé èmi?"

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Á gbé yín, Màmá. Ṣùgbọ́n a ò ní lo páìpù tẹ́ẹ́rẹ́."

"Ti ìrìn-àjò ni kó o ṣe."

"Ṣé Bàbá fẹ́ rìnrìn-àjò ni?"

"Ẹnìkan fẹ́ rìn," mo ní.

Nígbà tí férémù dé, tí ọkọ mi rí nọ́ọ̀tì, ó lejú. Mo ní, "Ẹ ò wá ní í gbé e lọ sóko yín l'Áyépé, kẹ́ ẹ nà gbalaja síbẹ̀?" Ojú ẹ̀ là. Ó ní orí mi pé. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tò ó, bí ẹni ń kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo ń mi orí, mo ń ṣe bí olódo.

Ní Sátidé kan tí ọkọ mi lọ sípàdé àwọn tíṣà àtijọ́ ní Ìjagun, mo tú férémù palẹ̀, mo kó òun àti bẹ́ẹ̀dì olókùn sínú àpò, mo wọ takisí, ó di ọ̀dọ̀ àbúrò mi Matilda l'Ódògbólú. A tò ó sí àgbàlá ẹ̀. Mo gorí ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò pè mí. Mo sùn títí itọ́ fi ń dà lẹ́nu mi.

"Susannah."

Mo la ojú. Theophilus ló dúró tì mí, ó ká fìlà ẹ̀ mọ́wọ́. Ó mọ̀ pé kò sí ibòmíì tí mo lè sá lọ. Matilda ń fọwọ́ bo ẹnu lẹ́nu ọ̀nà. Mo ń retí ariwo, kò pariwo.

"Mo délé, mo pè ọ́," ó ní. "Mo tún pè ọ́. Ilé dákẹ́." Ó jókòó lórí àpótí. "Kò kúkú sí nǹkan tí mo máa ń fẹ́. Àwọn ọmọ iléèwé ló máa ń dá mi lóhùn tẹ́lẹ̀, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ní báyìí, ìwọ nìkan ni."

Àánú ẹ̀ ṣe mí gan-an. Kò sọ irú ẹ̀ fún mi rí. Mo ní kí n dìde, àmọ́ mo rántí bí ibẹ̀ ṣe dùn tó, mo bá dùbúlẹ̀ padà.

"Bàbá Ọmọlará, ẹ bá mi fi ẹsẹ̀ ti nǹkan yìí díẹ̀, kó máa fì."

Ó wo Matilda. Matilda gbójú sókè. Ó na ẹsẹ̀, ó tì í. Ó kọ́kọ́ le jù, mo ní kó rọra. Ó rọra.

"Susannah," ó tún pè.

"Mo wà níbí."

"Kò sí nǹkan."

"Mo mọ̀," mo ní, mo sì pa ojú dé. "Ẹ máa tì í lọ."