Ojúlarí Kò Ní Dúró Síta

"Ẹ so ajá yẹn mọ́ òpó ọ̀hún, màmá, kẹ́ ẹ wá wọlé," ni ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì kẹrin pápá ìṣeré náà wí. Ó ti gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ obìnrin náà kó tó wolẹ̀, kó sì rí ajá dúdú tó dúró jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Òpó wo?" ni obìnrin náà bi í. "Èmi kì í rí òpó."

Ọkùnrin náà wo ojú rẹ̀ dáadáa, ó wá yé e. Ojú tì í. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ òfin sára ògiri gàdàgbà: kò sí ìgò, kò sí agbòjò, kò sí ajá. Ó ránṣẹ́ pe ọ̀gá rẹ̀.

Ìyá Fóònù ni wọ́n ń pe obìnrin yìí, torí ó ti lé lógún ọdún tó ti ń dáhùn fóònù nílé ìwòsàn ńlá kan. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọ̀kan ṣoṣo tó bí, ló fẹ́ sáré irinwó mítà lọ́jọ́ náà. Ojúlarí, ajá rẹ̀, ló sì ti ń mú un rìn láti ọdún mẹ́fà. Bí àwọn aládùúgbò bá ń fi orúkọ ajá náà ṣe yẹ̀yẹ́, á ní ẹni tó bá ń bá òun ríran ló lè jẹ́ orúkọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ dé, ó fohùn pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé pé bí èrò bá pariwo, ẹ̀rù lè ba ajá, kó lọ bu ọmọ ọlọ́mọ jẹ. Ó ní kí ajá dúró níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, kí ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ òun fa màmá lọ́wọ́ dé ìjókòó. Ìyá Fóònù bi í pé bí èrò bá ń sá, ta ni yóò fa òun jáde, àbí òṣìṣẹ́ náà kò ní ẹsẹ̀ tirẹ̀?

"Màmá, gbogbo èèyàn lòfin yìí wà fún," ni ọ̀gá wí.

"Gbogbo èèyàn náà ló ń gbé ojú wọn wọlé. Ẹ jẹ́ kí n gbé tèmi."

"Ajá ni, màmá."

"Ẹ̀yin lẹ rí ajá. Èmi ò rí i rí. Ọ̀nà ni mo mọ̀ ọ́n sí."

Àwọn tó tò sẹ́yìn ti ń kùn. Ẹnì kan ní ajá tó bá máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ìyá Fóònù ò tilẹ̀ yíjú padà. Ó ní ti òun kì í sọnù, òun tí ajá náà ń mú rìn ni ìbá ti sọnù tipẹ́. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹni tó pòwe náà ò bá wọn rín. Ọ̀gá bẹ̀ ẹ́ pé kó yẹra. Dípò kó yẹra, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín géètì, Ojúlarí náà sì dùbúlẹ̀ tì í. Ni èrò bá yà sí géètì karùn-ún.

Ó gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ ọmọ rẹ̀ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó gbọ́ ìró ìbọn tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ eré, ariwo èrò sì ya bí òjò. Ó di okùn ajá mú gírígírí. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí gbogbo rẹ̀ fi parí. Wọ́n ní ọmọ rẹ̀ ṣe ipò kejì.

Ọ̀gá lóṣòó tì í. "Màmá, eré ti parí. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ yín wá bá yín níbí."

"Mo gbọ́ pé ó parí. Ẹ má mú un wá. Yóò tún sáré lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi àti Ojúlarí á sì tún wá. Iye ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ká fi jókòó síbí, a ó jókòó."

Ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó yọ irin tó dábùú ọ̀nà, ó gbé e ti ògiri. Ọ̀gá bi í pé kí ló ń ṣe yẹn. Kò wo ọ̀gá lójú.

"Ìlà kejìlá, ìjókòó kẹta, màmá," ló wí, ó sì fi tíkẹ́ẹ̀tì náà lé e lọ́wọ́.

Ìyá Fóònù dìde, ó gbọn ìdí aṣọ rẹ̀. Àwọn èèyàn ti ń jáde bọ̀ níwọ̀n-ba, wọ́n sì ń yà fún un. Ojúlarí mú un gun àtẹ̀gùn lọ díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi dé ìlà kejìlá.