Ìpàdé Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àpáta Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta

1

…àti pé kò sí ààlà mọ́. Ẹ ó fò, ẹ ó balẹ̀, ẹ ó rìn níbi tí ẹsẹ̀ ẹ̀dá kankan kò tẹ̀ rí. Ẹ̀yin àti ẹni yín, ibi yòówù kí ẹ wà láyé, ẹ ó pàdé lójú sánmà.
ÀRÈ ÌRÀWỌ̀.
Géèmù tí gbogbo ayé ń retí. Ó ti dé.

2

Àbúrò rẹ̀ ló fi ìkéde yẹn ránṣẹ́ sí i. Kò kí i. Kò béèrè ara. Gbólóhùn kan péré ló kọ sábẹ́ rẹ̀:

        Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rí èyí?

Ẹ̀yìn fíríìjì kan ni Ìyá Yìnyín wà nígbà tí fóònù gbọ̀n lápò rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Fíríìjì tó ti kú, tí àwọn ọkùnrin ti wò tí wọ́n mi orí, òun ló ń jí i dìde, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ó nu ọwọ́ sára aṣọ. Ó ka gbólóhùn náà. Ó jókòó sílẹ̀ lórí símẹ́ńtì.

Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyá wọn, ẹ̀gbọ́n kò bá àbúrò sọ̀rọ̀.

Ó tẹ̀ ẹ́ padà:

        Mo rí i.

Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n yóò ní kí ló wà nínú ìyẹn. Ẹni tó mọ̀ wọ́n yóò mọ̀ pé òkè ńlá ló yẹ̀ lọ́jọ́ náà.

3

Nọ́ọ̀sì ni àbúrò. Ìlú òkèèrè ló ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ìyá wọn kú, ilé ìwòsàn kò fún un láàyè, ó ní òun yóò fi fóònù wà níbẹ̀. Ìbátan kan gbé fóònù sókè létí sàréè, ojú Nọ́ọ̀sì sì wà nínú rẹ̀.

Gbogbo ayé ń sunkún. Ìyá Yìnyín gbójú sókè. Ojú tó rí nínú fóònù yẹn gbẹ táútáú. Kò ṣẹ́jú. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Tàbí bí ẹni tó ń ké. Ó kù sọ́wọ́ ẹni tó ń wò ó.

Nọ́ọ̀sì ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló gan, tó so àwòrán òun rọ̀. Ó ní òun ń ké débi pé ará ilé kejì wá kan ilẹ̀kùn.

Ìyá Yìnyín ní: Ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo sì rí ojú rẹ.

Ó gé fóònù.

4

Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, páàdì kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ géèmù wọn ní. Ẹ̀gbọ́n á dì í mú. Àbúrò á jókòó sẹ́yìn rẹ̀, á fi àgbọ̀n lé e léjìká, á máa pàṣẹ: ẹ yà sọ́tùn-ún, ẹ fò ó, ẹ sá! Ìyá wọn á ti ilé ìdáná pariwo pé ṣé géèmù ni wọ́n máa jẹ lálẹ́ ni.

Bí wọ́n bá kú nínú géèmù, àbúrò ló fà á.

Bí wọ́n bá borí, ẹ̀gbọ́n ló gbá a.

5

NỌ́Ọ̀SÌ: Wọ́n ní èèyàn méjì lè jọ wà nínú ẹ̀.
ÌYÁ YÌNYÍN: Mo kà á.
NỌ́Ọ̀SÌ: Ká pàdé níbẹ̀? Ká má tíì pe ara wa lórí fóònù. Ká kọ́kọ́ jọ rìn.
ÌYÁ YÌNYÍN: Níbo?
NỌ́Ọ̀SÌ: Pílánẹ́ẹ̀tì kan wà, ilẹ̀ ẹ̀ pupa. Màá fi bẹ́ ẹ ṣe máa débẹ̀ ránṣẹ́. Àpáta kan wà níbẹ̀ tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta.
ÌYÁ YÌNYÍN: Bí ààrò.
NỌ́Ọ̀SÌ: Bí ààrò gan-an.
ÌYÁ YÌNYÍN: Ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù. Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.
NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi.
ÌYÁ YÌNYÍN: Má tíì dúpẹ́. A ò tíì pàdé.

6

Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ìyá Yìnyín yọjú wọlé, ó bá a níwájú tẹlifíṣọ̀n, ọkọ̀ òfuurufú ń yí gbirigbiri.

— Ìyá Yìnyín! Ìyá ọlọ́mọ! Ṣé ẹ̀yin lẹ ń wa nǹkan yìí lọ sójú sánmà?
— Ìwọ tó ń pariwo sí bọ́ọ̀lù ńkọ́? Ṣé ìwọ ni wọ́n fẹ́ fi rọ́pò ẹni tó ń gbá a ni?
— Bọ́ọ̀lù, èèyàn gidi ló ń gbá a.
— Èèyàn gidi ni mo fẹ́ lọ bá níbí náà.
— Ta ni?

Ìyá Yìnyín tẹjú mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń balẹ̀. Ọkọ̀ fi orí gún òkè, ó gbiná.

— Ẹ kú ewu o, ni onígbàjámọ̀ wí, ó sì sá jáde kí sípánà tó bá a.

6, ohun tó ṣẹ́ kù

Ká má parọ́ mọ́ àwọn tó ṣe géèmù náà: ó dùn mọ́ ọn. Ó la àárín ìràwọ̀ kọjá, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ó balẹ̀ sórí pílánẹ́ẹ̀tì kan tó jẹ́ kìkì yìnyín, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, iṣẹ́ ò sí fún mi níbí. Ó bá oníṣòwò kan pàdé ní ibùdókọ̀ ojú sánmà. Ó kí i, oníṣòwò ní, "Ọ̀nà jìn, arìnrìn-àjò." Ó bú u, oníṣòwò ní, "Ọ̀nà jìn, arìnrìn-àjò." Ó ní, irú oníbàárà tí mo ń wá nìyí.

Ọjọ́ Àìkú kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó fọ páàdì mọ́ bí ẹni tó ń retí àlejò.

7, ti ẹ̀gbọ́n

Ilẹ̀ pupa. Àpáta, ẹsẹ̀ mẹ́ta. Òjò ń rọ̀. Kò sí ẹnì kankan.

                                7, ti àbúrò

                                Ilẹ̀ pupa. Àpáta, ẹsẹ̀ mẹ́ta. Oòrùn ń ràn. Kò sí ẹnì kankan.

8

NỌ́Ọ̀SÌ: Mo ti dé o.
ÌYÁ YÌNYÍN: Ó pẹ́ tí mo ti dé. Níbo lo wà?
NỌ́Ọ̀SÌ: Lábẹ́ àpáta. Láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀.
ÌYÁ YÌNYÍN: Ibẹ̀ ni mo wà.
NỌ́Ọ̀SÌ: Mi ò rí yín.
ÌYÁ YÌNYÍN: Yíjú padà.
NỌ́Ọ̀SÌ: Mo ti yí i títí òòyì fi ń kọ́ mi. Ẹ fò sókè kí n wò.
ÌYÁ YÌNYÍN: Mò ń fò. Pẹ̀lú ọjọ́ orí mi yìí, mò ń fò.
NỌ́Ọ̀SÌ: Mi ò rí nǹkan kan.
ÌYÁ YÌNYÍN: Bóyá òjò yìí ló bò mí.
NỌ́Ọ̀SÌ: Òjò wo? Oòrùn ló ń ràn níbí.
ÌYÁ YÌNYÍN (ó ń kọ ọ́)
ÌYÁ YÌNYÍN (ó dáwọ́ dúró)
ÌYÁ YÌNYÍN: Òjò ń rọ̀ lé mi lórí bí ẹni da omi garawa, o ní oòrùn ń ràn.
NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ̀gbọ́n mi, mo fi ìyá wa búra
ÌYÁ YÌNYÍN: Má fi ìyá wa búra fún mi. Òpùrọ́. O ò débẹ̀. Bí o ò ṣe débẹ̀ lọ́jọ́sí náà nìyẹn.
NỌ́Ọ̀SÌ:

9

Ẹyin lohùn.

10

Lọ́jọ́ kejì kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó wọ ojúewé tí àwọn tó ti gbá géèmù náà ti ń sọ ohun tí ojú wọn rí. Ẹ̀rí ló ń wá, tí yóò fi kan àbúrò rẹ̀ mọ́gi: ẹnì kan ṣoṣo tó ti pàdé ẹnì kejì nínú rẹ̀. Ohun tó bá níbẹ̀ nìyí.

ỌBA-Ẹ̀YÌN-ÒṢÙPÁ: Ẹranko tí wọ́n fi hàn wá nínú ìkéde, tó ga ju ilé alájà lọ, ó dà? Kìkì aláǹgbá ni mo rí. Aláǹgbá pupa, aláǹgbá dúdú. Aláǹgbá kan tiẹ̀ fẹ́ rán mi níṣẹ́.

ÀGBÀ-ÒṢÈRÉ: Ẹ ní sùúrù. Iṣẹ́ ńlá ni. Wọ́n á tún un ṣe.

ỌBA-Ẹ̀YÌN-ÒṢÙPÁ: Ṣé sùúrù ni wọ́n kọ sára páálí ẹ̀ ni?

MÁ-FỌWỌ́-KÀN-MÍ: Ó dùn. Ó dùn gan-an. Orin ẹ̀ nìkan tó gbọ́. Àmọ́ ó dà bíi pé èmi nìkan ló ṣẹ́ kù lágbàáyé, ẹ̀rù sì ń bà mí.

AWAKỌ̀-ÀJÌNNÀ: Ọkọ̀ ẹrù ni mò ń wà. Ó máa ń pẹ́ kí n tó délé. Èmi àti ìyàwó mi balẹ̀ síbì kan náà, ẹnu ihò kan náà. Ó lóun ò rí mi. Ilẹ̀ ṣú lọ́dọ̀ mi, ó ní ọ̀sán ló wà lọ́dọ̀ òun. A jà. Mo sọ ohun tí kò yẹ kí ọkọ sọ. Ìgbà tí mo délé, a gbé tẹlifíṣọ̀n méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àga méjì, ẹsẹ̀ mi ń kan ẹsẹ̀ ẹ̀. A tún balẹ̀ síbẹ̀.
A ò rí ara wa.

11

Ó kà á. Ó lọ mu omi. Ó tún un kà.

12

ÌKÉDE LÁTỌ̀DỌ̀ ÀWỌN TÓ ṢE ÀRÈ ÌRÀWỌ̀

Ẹ̀yin arìnrìn-àjò wa ọ̀wọ́n. A dúpẹ́ fún ìfẹ́ yín. A gbọ́ pé àwọn kan nínú yín ń wá ara wọn. Sánmà wa fẹ̀ púpọ̀, a sì fẹ́ kí ẹ gbádùn títóbi rẹ̀. A fẹ́ kó yé yín pé pípàdé ni a sọ nínú ìkéde wa. A kò fìgbà kan sọ pé ẹ ó rí ara yín. Ẹ kú ìrìn-àjò.

13

ÌYÁ-YÌNYÍN:

Ẹ̀yin tí ẹ ṣe é, mo kí yín, nítorí pé wọ́n kọ́ mi nílé. Ó tán.

Bí fíríìjì tí mo tún ṣe kò bá mú omi tutù, mi ò ní sọ fún oníbàárà pé títún un ṣe ni mo sọ, mi ò sọ pé yóò tutù. Màá gbé e padà. Màá tọrọ àforíjì, màá sì dojú ẹ̀ dé kí n wá ohun tó ṣe é. Ẹ̀yin ní pípàdé lẹ sọ, ẹ ò sọ rírí. Níbo ni wọ́n ti ń pàdé láì rí ara wọn? Nínú sàréè?

Ẹ ní pílánẹ́ẹ̀tì yín pọ̀ ju yanrìn lọ. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Àpáta kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín fún, àti èèyàn méjì lábẹ́ ẹ̀. Gbogbo ìràwọ̀ yín, gbogbo orin yín, gbogbo aláǹgbá yín, ẹ kó o lọ.

Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ẹ rọ òjò sọ́dọ̀ mi, ẹ ran oòrùn sọ́dọ̀ ẹnì kejì, ẹ wá pa ẹnu mọ́. Ẹ ń wò mí níran tí mo fi pe ọmọ ìyá mi ní òpùrọ́. Òótọ́ ló ń sọ. Ó dúró síbi tí mo dúró sí gẹ́lẹ́. Ó ń wá mi, mo sì ń bú u.

Ó wà níbẹ̀.

Bóyá ó ti wà níbẹ̀ nígbà kan rí pàápàá, tó jẹ́ pé èmi ni mo

[Ọ̀RỌ̀ YÍN GÙN JU ÀYÈ TÍ A FI SÍLẸ̀ LỌ. A TI GÉ ÌYÓKÙ.]

14

Onígbàjámọ̀ kà á sókè fún ẹni tí orí rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gba ojú fèrèsé ké sí i.

— Ìyá Yìnyín! Ẹ̀yin lẹ kọ èyí? Èèyàn rẹpẹtẹ ti fọwọ́ sí i o! Wọ́n ní ẹ sọ tẹnu àwọn.
— Òótọ́ ni mo sọ.
— Àbúrò yín ti kà á?
— Mi ò mọ̀.
— Háà. Ẹ wá kọ ọ́ síbi tí gbogbo ayé á ti rí i, àfi ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn.
— Gé irun tó wà níwájú rẹ.
— Àbí ẹ̀gbọ́n kì í bẹ àbúrò ni?
— Etí oníbàárà lò ń gé lọ yẹn o!

Ẹni tó jókòó sórí àga fò dìde. Onígbàjámọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀ ẹ́. Ìyá Yìnyín dúró, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń bẹ èèyàn, bí ẹni tí kò rí i rí.

15

[Fóònù ń dún. Ó ń dún. Ó ń dún.]

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ káàsán, mà.

ÌYÁ YÌNYÍN: Olè ni wọ́n.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ta ni?

ÌYÁ YÌNYÍN: Àwọn tó ṣe géèmù yẹn! Olè, ọ̀dájú, aláìlójútì. Wọ́n ní pípàdé làwọn sọ!

NỌ́Ọ̀SÌ: Mo rí i. Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà tí mo fi kà á. Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ mi, aláìsàn wo ojú mi, ó ní, nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé èmi ni mo ṣẹ̀ yín?

ÌYÁ YÌNYÍN: Ẹ̀n-ẹ́n! Àwọn lò bá fi abẹ́rẹ́ náà gún.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ní ìdí.

ÌYÁ YÌNYÍN: Ní ìdí méjèèjì! Kí wọ́n má lè jókòó ṣe òmíràn.

[Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pẹ́. Ó tán.]

ÌYÁ YÌNYÍN: Ìkà ni wọ́n. Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan, wọ́n sọ ọ́ di òpùrọ́.

NỌ́Ọ̀SÌ: Àwọn ni wọ́n pè é bẹ́ẹ̀?

ÌYÁ YÌNYÍN:

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti bá yín bú àwọn yẹn. Mo bú wọn dénú. Ó ku ẹnì kan.

ÌYÁ YÌNYÍN:

NỌ́Ọ̀SÌ: Mi ò tíì gé fóònù o. Mò ń dúró de ọ̀rọ̀ yín.

ÌYÁ YÌNYÍN: