Màmá Àgbà Sé Èémí

Nọ́ọ̀sì ń wọ́ àga kọjá láàárín pálọ̀, ẹsẹ̀ àga náà ń dún lórí ilẹ̀. Ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó ká kọ́tìnì sápá kan, ó kó bàtà, ike omi àti rédíò tó wà lẹ́yìn àga kúrò. Lẹ́yìn náà ló fi ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ nu ojú kámẹ́rà fóònù rẹ̀, èyí tí gíláàsì iwájú rẹ̀ ti sán.

"Kámẹ́rà gidi wà lọ́rùn mi níbí," ni Bọ̀ọ̀dá Lẹ́ńsì wí, "ìwọ wá ń fi fóònù tó fọ́ ṣe wàhálà." Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Nọ́ọ̀sì ni. Inú ilé ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Lẹ́ńsì, nítorí kámẹ́rà ńlá tó máa ń gbé kọ́rùn kiri bí ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè.

"Bọ̀ọ̀dá mi, láti àárọ̀ lẹ ti ń fi kámẹ́rà gidi yẹn ya Màmá Àgbà. Ẹ jẹ́ ká rí wọn."

Kò wù ú, ṣùgbọ́n ó fi hàn án. Nínú gbogbo fọ́tò náà, Màmá Àgbà, ìyá tó bí bàbá àwọn méjèèjì, jókòó gbagidi, ojú rẹ̀ yọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ẹni tó fẹ́ fọn fèrè. Fóònù tàbí kámẹ́rà tó kún fún irú èyí, ààtàn ni.

Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti kámẹ́rà. Nígbà ọ̀dọ́ Màmá Àgbà, onífọ́tò kan sọ fún un pé ẹni tó bá mí, fọ́tò rẹ̀ á bàjẹ́. Ó gbà á gbọ́, ó sì fi kọ́ gbogbo ọmọ rẹ̀. Bí o bá ṣí álíbọ́ọ̀mù ilé náà, ìran tó sé èémí lo máa rí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: ọkọ sé èémí, ìyàwó sé èémí. Ìkókó nìkan ló ń mí, torí pé kò tíì gbọ́ èdè.

Ibi iṣẹ́ tuntun tí Nọ́ọ̀sì ń lọ jìnnà, ọkọ̀ tó máa gbé e sì ti wà lọ́nà. Ẹ̀rín Màmá Àgbà ló fẹ́ gbé lọ, ẹ̀rín tó máa ń mú kí èjìká ìyá náà méjèèjì jó, tí kò sí nínú fọ́tò kankan.

"Màmá Àgbà, ẹ wá jókòó. Ẹ kàn máa mí, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí n máa mí kó lè bàjẹ́?" Ó jókòó, ó tún ìborí rẹ̀ ṣe. Bí fóònù ṣe gòkè, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú.

Nọ́ọ̀sì dọ́gbọ́n. Ó sọ fóònù kalẹ̀. "Ó ti tán, mà. Ẹ ṣé." Màmá Àgbà mí kanlẹ̀. Nọ́ọ̀sì yára gbé fóònù padà, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀.

"O gbọ́n o," ni Màmá Àgbà wí. "Àmọ́ èmi ni mo bí bàbá tó bí ọ."

Bọ̀ọ̀dá Lẹ́ńsì bú sẹ́rìn-ín. "Ọkọ̀ ẹ á tó dé o!"

Èsì yẹ̀yẹ́, àkókò ló ń jẹ. Nọ́ọ̀sì yọjú síta, ó rí Màmá Kékeré, àbúrò Màmá Àgbà, tó ń ká aṣọ lórí okùn.

"Màmá Kékeré, ẹ wọlé wá, ẹ̀yin ló kàn!"

"Èmi? Ṣé kí n lọ pààrọ̀ aṣọ?"

"Kò sáyè. Màmá Àgbà, ẹ dìde fún wọn, kẹ́ ẹ máa sọ bí wọ́n ṣe máa ṣe. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n."

Iyì yẹn wọ Màmá Àgbà lára. Kò fura nígbà tí Nọ́ọ̀sì rọra fà á síbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti bọ́ sí i lójú. Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, ó kọjú fóònù sí Màmá Kékeré.

"Gbé àgbọ̀n sókè," ni Màmá Àgbà pàṣẹ. "Má ṣẹ́jú. Ó yá, sé èémí!"

Onígbọràn ni Màmá Kékeré. Ó sé e tọkàntọkàn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ti ọ̀pọ̀lọ́, ihò imú rẹ̀ fẹ̀.

Iwájú kámẹ́rà ni Màmá Àgbà máa ń wà. Kò dúró sẹ́yìn rẹ̀ wo ẹlòmíì rí.

"Yéè! Ṣé bí èmi náà ṣe máa ń rí nìyí?"

Màmá Kékeré kò lè la ẹnu. Ó kàn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀rín bá bú jáde. Èjìká méjèèjì ń jó, ìborí yẹ̀, Màmá Àgbà di férémù fèrèsé mú kó má baà ṣubú. Nọ́ọ̀sì ti yí padà lórí eékún, ó sún mọ́ ọn títí ojú rẹ̀ fi kún gbogbo fóònù, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré.

Màmá Kékeré ń juwọ́ lórí àga, ó ń bèèrè bóyá kí òun mí.

Bọ̀ọ̀dá Lẹ́ńsì na ọrùn wo fọ́tò náà. "Irú lẹ́ńsì wo ló wà lára fóònù yìí gan-an?"

"Èyí tí mo nù ni, bọ̀ọ̀dá mi."

Fèrè ọkọ̀ dún níta. Màmá Àgbà já fóònù gbà. "Há! Gbogbo àlàfo eyín mi rèé! Pa á rẹ́ kíá, jẹ́ kí n jókòó, ká ya èyí tó dáa."

Nọ́ọ̀sì dì mọ́ ọn, ó fi ìdìmọ́ra náà gba fóònù rẹ̀ padà, ó sì gbé báàgì.

"O ò gbọ́dọ̀ fi han ará ibi iṣẹ́ o!"

"N ò ní fi han ẹnikẹ́ni, mà," ni Nọ́ọ̀sì wí láti ẹnu ọ̀nà. "Inú férémù ni mo máa fi í sí, lórí tábìlì mi níbẹ̀. Ẹni tó bá lójú á fúnra rẹ̀ rí i."

Kí Màmá Àgbà tó rí bàtà wọ̀, ọkọ̀ ti gbéra.