Ọdún Tí Wọn Kò Gbé Qowiyyu Jáde Lórí Pápá

Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò ní Òkè-Àgbò, ẹsẹ̀ mi kò sì ní í lè gbé mi padà síbẹ̀ mọ́. Àmọ́ bí mo bá ti gbóòórùn pákó tútù níbikíbi, pápá bọ́ọ̀lù tó wà lẹ́yìn sọ́míìlì wa níbẹ̀, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ni mo ń rí, àti Qowiyyu tó ń sáré létí rẹ̀.

Ọmọ Asimawu tó ń ta obì ni. Apá ọ̀tún ló ń gbá fún wa, ó sì yára bí ẹtu. Ṣùgbọ́n ọdún méjì tẹ̀léra, ìgbà tí ìdíje bá ti gbóná gan-an ni iṣan ń já a níbi tí itan ti so mọ́ ara, tí wọn á sì gbé e jáde lórí pápá bí àpò gàrí.

Lọ́dọ̀ wa nígbà náà, ẹni tí ibẹ̀ bá ń dùn kì í sọ. Bó bá sọ, wọn á ní ìpá ló ń bọ̀ yẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin wo ló fẹ́ káwọn ọmọge gbọ́ pé òun ti di onípá? Róòbù ni Qowiyyu ń fi pa á ní kọ̀rọ̀, á sì tún bọ́ sórí pápá. Ìyá rẹ̀ náà gbà pé ìpá ni, torí pé ìpá bá bàbá ọmọ náà jà kó tó kú.

Asimawu ní, “Ó ti tó. Tí wọ́n bá tún gbé ọ jáde níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, bọ́ọ̀lù tán nìyẹn. Wàlláhì!”

Gbogbo agboolé ló mọ̀ pé Asimawu kì í búra ṣeré.

Lọ́dún kẹta ni a gba kóòṣì tuntun, Zipporah, ọmọ wòlíì kan tó kàwé nípa eré ìdárayá ní Àgọ́-Ìwòyè. Ó bi àwọn ọmọ pé ta ni inú itan ń dùn. Oníkálukú tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀. Ó ní ó dáa, kí wọ́n jókòó. Ó ki ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ bọ àárín orúnkún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó ní kí wọ́n fún un pọ̀. Nígbà tó kan Qowiyyu, ojú rẹ̀ rún bí ẹni tó jẹ ewúro.

“Ìwọ ni mò ń wá,” ni Zipporah wí, ó sì mú un lọ sí ọsibítù. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sí ìpá kankan níbẹ̀. Iṣan inú itan ni kò lágbára tó, ìyẹn ló fi ń ya.

“Àmọ́ mo máa ń nà án dáadáa, Àǹtí Kóòṣì,” ni Qowiyyu wí. “Àràárọ̀ ni mò ń ya ẹsẹ̀.”

“Okùn tí ò ń fà lójoojúmọ́, ṣé ó ń nípọn sí i ni?”

Nígbà tí ìrora náà lọ sílẹ̀, Zipporah bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ òun àti gbogbo ẹgbẹ́ ní eré kan tó ń mú iṣan ibẹ̀ lágbára. Qowiyyu á fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, á fi ìgbọ̀nwọ́ tilẹ̀. Japheth, tó ń gbá ẹ̀yìn fún wa, á di orúnkún ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wà lókè mú. Ẹsẹ̀ yẹn nìkan ni Qowiyyu á fi gbé ara sókè títí á fi gún bíi pákó, á sì rọra sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó yá, Zipporah ní kí Japheth fi orúnkún sílẹ̀, kó di ọrùn ẹsẹ̀ mú. Ìyẹn le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Àwọn alágbàṣe sọ́míìlì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

“Japheth, rọra o, ìyàwó ẹ ti ń rọbí!”

“Kò burú,” ni Japheth dáhùn. “Tá a bá bí i tán, ìwọ la máa gbé e fún kó o fọ ìdí ẹ̀.”

Bó bá délé, Qowiyyu á há bọ́ọ̀lù sáàárín orúnkún, á máa fún un pọ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Asimawu ní òun kò fẹ́ rí bọ́ọ̀lù nínú ilé, ó dì í mú, ó fà á. Bọ́ọ̀lù kò yọ. Ó fi ẹsẹ̀ ti àga, ó tún fà á, gèlè já bọ́ lórí rẹ̀.

“Ṣé kò dùn ọ́?” ni ó fi ìyanu bi í.

“Rárá, Mọ̀mí.”

“Ó dáa, lọ gbá a. Àmọ́ mi ò tíì kó ìbúra mi kúrò ńbẹ̀ o.”

A dé àṣekágbá. Òde-Omi la bá pàdé, àwọn ọmọ etí ọ̀sà tí ìtukọ̀ ti sọ ara wọn di irin. Àwọn èrò ẹ̀yìn wọn ti gbọ́ ìròyìn Qowiyyu.

“Ẹ gbé bárò sítòsí o! Onípá ti dé!”

Ọ̀kan-sí-ọ̀kan la wà, eré sì ti fẹ́ parí, nígbà tí Japheth gbá bọ́ọ̀lù gígùn kan sí apá ọ̀tún. Ó ti fẹ́ jáde. Qowiyyu fò tẹ̀lé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ ya bí àlùmọ́gàjí, ó fi orí bàtà dá a dúró, ó sì ṣubú. Bó ṣe máa ń ṣubú nígbà tí iṣan bá já gẹ́lẹ́ nìyẹn. Àwọn tó ń gbé ẹni tó bá ṣèṣe ti gbéra, Asimawu, tó wà láàárín òǹwòran, sì fa ọ̀kan lẹ́wù.

“Dúró ńbẹ̀! Ta ló pè yín?”

Ẹni tó ń ṣọ́ Qowiyyu ti dúró, ó ń retí fèrè. Fèrè kò dún. Qowiyyu ti dìde! Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó gbá bọ́ọ̀lù dé iwájú góòlù, ó sì fi ẹsẹ̀ yẹn kan náà gbá a sínú àwọ̀n.

Háà! Ariwo tó sọ ní Òkè-Àgbò lọ́jọ́ náà, bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ó ṣì ń dún sí mi létí. Àwọn ọmọ ya lu pápá, wọ́n fẹ́ gbé e sí èjìká. Asimawu já wọ àárín wọn.

“Ẹ má gbé e! Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ jẹ́ kó rìn!”

Ó rìn lóòótọ́. Gbogbo wa tẹ̀lé e gba ìgboro, à ń kọrin, Mùsùlùmí àti Aládùúrà, títí a fi dé ẹnu ọ̀nà wọn. Ibẹ̀ ni Zipporah, tó ti kígbe títí tí kò lóhùn mọ́, ti rántí iṣẹ́ rẹ̀.

“Qowiyyu! A máa ṣe eré ẹsẹ̀ yẹn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé o.”

Kí ọmọ tó lanu, ìyá rẹ̀ ti dáhùn.

“Ẹ máa retí ẹ̀. Èmi ni màá jí i.”