Owó Ewé Òkun

Inú ti ń bí Chun-ok kí Ọ̀gbẹ́ni Maeng tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò rẹ̀. Òkúta dídán ni ọkùnrin náà gbé wá sí etíkun Jeju láti Seoul, wọ́n sì gbẹ́ orúkọ àjọ àánú rẹ̀ sí i gàdàgbà. Nísàlẹ̀ pátápátá, pẹ̀lú lẹ́tà tí eèrà nìkan lè rí kà, ni wọ́n kọ "àwọn ìyá òmùwẹ̀" sí.

Bẹ́ẹ̀, àwọn ìyá tó ń mòòkùn kó ìgbín òkun yìí ló ni owó ìwádìí tí wọ́n torí ẹ̀ gbẹ́ òkúta! Nígbà tí kòrónà jà dé abúlé wọn, ó mú Chun-ok, ó mú Bok-nyeo, òmùwẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bok-nyeo padà sínú òkun láti lọ kó ìgbín, èémí rẹ̀ bá já mọ́ ọn nínú nísàlẹ̀ omi. Òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé jáde. Láti ọjọ́ náà Chun-ok kò fẹsẹ̀ kan omi mọ́, nítorí kò sí dókítà tó lè sọ fún un bóyá ẹni tí àrùn náà ti mú ṣì lè mòòkùn. Iṣẹ́ mìíràn kò sì sí tó mọ̀ láti kékeré.

Àwọn obìnrin bá pàdé nídìí iná tí wọ́n ń yá létíkun. Láyé àwọn ìyá wọn, wọ́n ya apá kan òkun sọ́tọ̀, wọ́n sì fi owó ewé òkun ibẹ̀ kọ́ ilé-ìwé abúlé. Àwọn náà ya apá ìwọ̀-oòrùn sọ́tọ̀. Ohunkóhun tó bá ti ibẹ̀ jáde, owó ìwádìí ni, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ẹni tí àrùn náà mú ṣì lè mòòkùn. Àjọ Maeng ló ní kí wọ́n kó owó náà wá, òun á fi lé àwọn onímọ̀ lọ́wọ́. Odidi ọdún ni wọ́n fi jìyà òtútù nítorí rẹ̀.

"Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ìyá wa," ni Maeng wí. "Ìwádìí ti parí, ó sì dára gan-an."

"Kí ló wá sọ nípa tiwa?" Chun-ok bi í.

Maeng wo Dókítà Tak, ọ̀dọ́bìnrin tó bá a wá. Ilẹ̀ ni dókítà ń wò ní tiẹ̀.

"Màmá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ la lò," ni Maeng dáhùn. "Wọ́n sáré lórí ẹ̀rọ ní Seoul, a sì wọn èémí wọn. Ti àwọn àgbàlagbà ní wàhálà nínú jù."

"Ẹ gbọ́ o!" Mal-sun, ọ̀rẹ́ Chun-ok, pàtẹ́wọ́. "Tiwa ní wàhálà nínú! Ewé òkun wa ò ní wàhálà nínú nígbà tẹ́ ẹ̀ ń gbowó ẹ̀?"

"Ẹ má bínú, màmá. Ẹ jẹ́ ká kúkú ya fọ́tò. Bẹ́ ẹ bá wọ aṣọ iṣẹ́ yín, kẹ́ ẹ wọnú omi díẹ̀, á wuyì gan-an."

Ojú ò tiẹ̀ ti ọkùnrin yìí! Ó gba owó èémí wọn, ó fi wọn èémí ẹlòmíì, ó tún fẹ́ kí wọ́n wá ṣeré fún òun. Chun-ok dìde, ó wọ aṣọ dúdú rẹ̀, ó so òjé tó ń fa òmùwẹ̀ lọ sísàlẹ̀ omi mọ́ ìdí.

"Chun-ok, ṣé orí ẹ pé ṣá? Jókòó jàre!" ni Mal-sun wí.

"Fọ́tò ló fẹ́, àbí? Mal-sun, tẹ̀ lé mi. Bí mo bá pẹ́, fà mí jáde. Dókítà, ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi ń wọn èémí dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi, màmá."

"Ẹ wá wọ̀n mí."

"Dókítà Tak, ìyẹn kọ́ la bá wá o," ni Maeng wí. Dókítà ti bọ́ bàtà.

Chun-ok mòòkùn. Òmùwẹ̀ tó bá yọrí lókè omi máa ń súfèé láti tú èémí jáde, gbogbo abúlé ló sì mọ ìfé ti Chun-ok, tín-ín-rín, gígùn. Kò pẹ́ tó fi yọrí. Ó ya ẹnu, ìfé kò jáde. Ikọ́ ló jáde. Mal-sun di abíyá rẹ̀ mú, dókítà sì há ẹ̀rọ kékeré mọ́ ọn ní ìka, ẹ̀rọ tó ń sọ bí atẹ́gùn ṣe tó nínú ẹ̀jẹ̀. Ó dúró kí iye náà gòkè. Kò gòkè.

"Màmá," ni dókítà wí, omijé ti lé ròrò lójú rẹ̀, "ẹ má mòòkùn mọ́."

Chun-ok sunkún níbẹ̀, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó jáde nínú omi, ó tú òjé ìdí rẹ̀, ó kó o lé Maeng lọ́wọ́.

"Gbà. 'Ẹ má mòòkùn mọ́,' ohun tá a sanwó fún nìyẹn. Lọ gbẹ́ ẹ sórí òkúta ẹ."

Mal-sun ti na ìka tirẹ̀ sí dókítà kó há ẹ̀rọ náà mọ́ ọn. "Kòrónà mú èmi náà," ló wí.