Ẹni Tó Pe Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀ ní Ìwọ

Ẹ̀ṣẹ́ kejì ló fa ètè Ọ̀dà ya. Ẹ̀kẹta bà á lẹ́bàá etí, ó fẹ̀yìn rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ jáàkì, ó sì fi ìpàkọ́ lu ẹ́ńjìnnì ògbólógbòó tó wà nílẹ̀. Ó dún bí àgbọn tó já lu òrùlé páànù.

"Dìde!" Òòlù ń pariwo lé e lórí. "Dìde, kí o tún un pè!"

Ohun tí Ọ̀dà pè kò ju ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì jọ ni ṣọ́ọ̀bù: ẹ̀gbọ́n ń lu ara ọkọ̀ tó bá tẹ̀ kó lè tẹ́jú, àbúrò ń kùn ún. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni aráyé fi sọ wọ́n lórúkọ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ọ̀dà ti fi sáńpépà ha ilẹ̀kùn ọkọ̀ kan títí tó fi jọ̀lọ̀, ó ku kó kùn ún, ni Òòlù bá tún gbé òòlù lé e.

"Ìwọ, fi nǹkan yẹn sílẹ̀!" ni Ọ̀dà ké.

Ìwọ. Kì í ṣe ẹ̀yin. Lójú oníbàárà tó ni ọkọ̀.

"Ta lò ń bá wí?"

"Ìwọ náà ni. Ṣé ẹlòmíì tún wà níbẹ̀ ni?"

Òòlù kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ ń kọjá lára rẹ̀. Bí ìyá àgbà ṣe ń di nǹkan sétí aṣọ ló ṣe ń di ọ̀ràn sínú, kò sì sí èyí tó jábọ́ rí.

Ṣùgbọ́n Ọ̀dà kò dìde. Nígbà tó lajú, ọ̀tọ̀ ni ibi tó ń wò. Ó bì. Ó tún bì. Ọkọ̀ tí wọ́n torí ẹ̀ jà náà ni oníbàárà fi gbé wọn dé ilé ìwòsàn.

Wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀. Dókítà, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, gbé e sókè síná.

"Egungun ò fọ́. Kò sí ẹ̀jẹ̀ tó dì síbì kan tá a máa ní ká lọ kó jáde. Ọpọlọ ẹ̀ ló ń wú, agbárí kì í sì í fẹ̀. Tó bá wú kọjá ààyè ẹ̀, á tẹ ibi tó ń pàṣẹ fún èémí."

"Ẹ là á nígbà yẹn," ni Òòlù wí. "Ohun tó bá tẹ̀ láti òde, inú la ti ń lù ú jáde."

"Ẹ̀gbọ́n, orí èèyàn kì í ṣe bọ́nẹ́ẹ̀tì. A ò ní là á. Oògùn tó ń fa omi kúrò nínú ọpọlọ ti ń wọ ara ẹ̀. Èyí tó kù ni ká gbé ìgbèrí bẹ́ẹ̀dì sókè, kí ọrùn ẹ̀ tọ́, kí ara ẹ̀ má gbóná, kí ẹnikẹ́ni má sì da ara ẹ̀ láàmú."

Òòlù gbá a lọ́rùn aṣọ mú. "O fẹ́ kó kú! Gbogbo ìwé tí o kà, kí o gbé bẹ́ẹ̀dì sókè náà ni?"

Ìyàwó Ọ̀dà ń wọlé bọ̀ lọ́wọ́ yẹn. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó fò mọ́ Òòlù, ó gbá a létí, ó tún un gbá. "Apànìyàn! Ẹ pa á tán, ẹ tún fẹ́ lu ẹni tó fẹ́ gbà á sílẹ̀!"

Ìgbátí náà gbóná. Síbẹ̀, ẹ̀yin ló pè é.

Lẹ́yìn wọn, bẹ́ẹ̀dì mì jìgìjìgì. Ọ̀dà ti gbọ́ ariwo. Ó ta irin tí wọ́n so omi oògùn kọ́ nípàá, irin náà wó lulẹ̀, Ọ̀dà sì ń ju orí síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹran tí wọ́n fẹ́ dè. Nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan, tí igẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, sáré tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú.

"Ọmọ ojú ọ̀tún ti ń tóbi ju tòsì lọ. Ẹ dákẹ́ o! Ariwo yín yìí ló máa pa á!"

Dókítà ti sáré lọ mú oògùn oorun. Nọ́ọ̀sì di apá tí abẹ́rẹ́ wà mú, ìyàwó di ẹsẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n," ni nọ́ọ̀sì wí, "ẹ di orí ẹ̀ mú. Kó má yí sọ́tùn-ún, kó má yí sósì."

Òòlù fa ìrọ̀rí, ó tì í bọ abẹ́ ìpàkọ́ Ọ̀dà kó lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Àgbọ̀n Ọ̀dà ká mọ́ àyà, èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hó kùkù. Nọ́ọ̀sì gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù, ó já ìrọ̀rí náà sọnù.

"Ẹ̀jẹ̀ tó gòkè gbọ́dọ̀ rọ́nà sọ̀kalẹ̀! Ẹ ti ká a lọ́rùn bí rọ́bà omi!"

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ dókítà tó yé e. Rédíétọ̀ ọkọ̀ tó ń hó ni orí náà. Ẹni tó bá ṣí i yóò bó lójú. Ńṣe lèèyàn ń dúró tì í títí ooru yóò fi rọlẹ̀. Àpá kan wà lápá Òòlù tó lè jẹ́rìí sí i.

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá orí àbúrò rẹ̀ mú, ó jẹ́ kó tọ́. Ọwọ́ Ọ̀dà kan tí wọn ò dì mú gbá a nímú. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn. Ọwọ́ náà tún padà, ó bà á létí, ó tún bà á lẹ́nu. Òòlù kò tíì gba ẹ̀ṣẹ́ rí láyé kó má san án. Wọ́n ní tá a bá fọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, à á fi tòsì fà á mọ́ra. Méjèèjì lòun fi bá tòun wí láàárọ̀ yìí.

"Rọra," ó ní. Ohùn náà kò jọ tirẹ̀; láàárín òòlù àti irin, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Rọra, ọmọ ìyá mi. Lù mí, ṣùgbọ́n má yí orí."

Dókítà dé, ó ti oògùn náà sínú okùn omi. Ẹ̀ṣẹ́ Ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Kí oorun tó gbé e lọ, ó lajú, ó sì wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an.

"Ìwọ," ó ní láàárín ètè tó ya. "Ọwọ́ ẹ le jù."

Dókítà yíjú kíá. Ojú rẹ̀ ò balẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé bó ṣe máa ń pè yín nìyẹn? Àbí kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ni? Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Tọ́pọlọ ẹ̀ bá ti ń dàrú, ọ̀tọ̀ lohun tá a máa ṣe."

Ìyàwó Ọ̀dà wo Òòlù. Nọ́ọ̀sì wò ó. Ẹ̀jẹ̀ imú rẹ̀ ń kán sórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì, kò lè nù ún.

"Ó mọ̀ mí," ó ní. "'Ìwọ' ló ń pè mí."

Nọ́ọ̀sì tan tọ́ọ̀ṣì. Ọmọ ojú ọ̀tún ti ń súnkì padà díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní kó yọwọ́ kó lọ fọ imú, ó mirí. Ó tẹ̀ síwájú, ó gbé etí sún mọ́ ẹnu àbúrò rẹ̀ bóyá yóò tún un pè. Èémí nìkan ló ń gbọ́, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ó dúró síbẹ̀, ó ń tẹ́tí.