A à tà á

Ilẹ̀ bàbá wa ní Lotto, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mowe, ló gbé wa dé kóòtù. Sùlèímọ́nù ní a tà á fún bàbá òun. A yá wọn lò ni, kí wọ́n máa fi dáko.

Kò sí ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìkan ló kù.

Ọmọbìnrin kan, Àyànfẹ́olúwa, jókòó síwájú adájọ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré. Bọ́tìnnì rẹ̀ kò pọ̀. Ó ń tẹ mẹ́ta, mẹ́rin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni ń tẹ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì. Ìró ló ń tẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń sọ ọ́ di ọ̀rọ̀. N kò tíì panu dé, ọ̀rọ̀ mi ti wà lójú kọ̀ǹpútà adájọ́.

Lọ́yà Sùlèímọ́nù bi mí: "Bàbá, ẹ tà á àbí ẹ kò tà á?"

"A à tà á."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Olúwa mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á síta."

Àyànfẹ́olúwa kà á: "A tà á."

"Mi ì sọ bẹ́ẹ̀. A à tà á."

Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó tún kà á: "A tà á."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá," ni adájọ́ wí, "ẹ ti tà á lẹ́ẹ̀mejì o."

Èmi kò rẹ́rìn-ín. Bí ìyẹn bá dúró nínú ìwé, ilẹ̀ ti lọ.

"Ẹ má bínú, sà," ni ọmọbìnrin náà wí. "Àbújá ni mo dàgbà sí. Mi ò gbọ́ 'kò' lẹ́nu yín."

"Mo sọ ọ́."

"Níbo, sà?"

"Láàárín."

Ẹ̀rọ náà ń gba ohùn sílẹ̀ pẹ̀lú. Adájọ́ ní kí wọ́n jẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́ ohùn mi níbẹ̀. Ó yíjú sí Sùlèímọ́nù.

"Alhájì, ọmọ Mowe ni yín. Kí ni bàbá sọ?"

Lọ́yà rẹ̀ ti ń dìde. Sùlèímọ́nù kò dúró dè é.

"Wọ́n ní àwọn kò tà á. Bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé nìyẹn." Ó rí ojú lọ́yà rẹ̀. "Ṣùgbọ́n irọ́ ni wọ́n ń pa!"

"Mo gbọ́ ìyẹn dáadáa," ni Àyànfẹ́olúwa wí. Ó ti tẹ̀ ẹ́.

Adájọ́ ní kí ó tún tèmi ṣe.

Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n pè mí wá tọwọ́ bọ̀wé. Mo wo ibẹ̀. *A kò tà á.*

"Ṣé ó tọ́ báyìí, sà?"

"Mi ì sọ 'kò'."

Ó rẹ́rìn-ín. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbọ́ mi.

Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́.